Ta Ló Ta Gìtá Yẹn?

Bí a bá ti kí ìrun alaásárì tán ní Ọ̀fà,
ẹ má wá mi délé.
Ẹ wá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Yínúsà atún-rédíò-ṣe,
lẹ́yìn ojú irin, níbi tí rélùwéè máa ń gbà kọjá nígbà tó bá wù ú.
Bẹ́ǹṣì kan, àga mẹ́ta, ọ̀kan kò ní ẹsẹ̀ kẹrin.
Bàbá Kúránga ló ni èyí tó dúró dáadáa,
torí ojú ẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Àfẹ̀mọ́jú ṣe kọ́kọ́ so wáyà mọ́ra.

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà.
Tiwa ò ní erùpẹ̀ nínú, ẹnu la fi ń jà á.
Ìjà kan náà ni, láti ọdún tí Làmídì onígìtá ti kú:
èwo gan-an ni Àfẹ̀mọ́jú?
Ṣé ti àkọ́kọ́, ẹni mẹ́jọ,
tí Àjàdí ń fọn fèrè bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wálé?
Àbí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì,
lẹ́yìn tí Àjàdí tẹ̀ lé obìnrin kan lọ sí Kútọnu
tí kò sì dá fèrè padà?
Àbí ti ìsinsìnyí,
ọ̀gá Gàníyù lórí àga, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ maíìkì,
àti Mùnírátù ọmọ Ajàṣẹ́ lórí gìtá,
ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tí ẹgbẹ́ ti ń darúgbó?

Bàbá Kúránga ní, "Ọmọ yẹn ń sáré.
Làmídì kì í sáré.
Á ta okùn kan, á dúró, á fọwọ́ nu imú.
Ìwọ tó ò ń jó á ti gbẹ́sẹ̀ sókè,
o ò ní mọ ibi tí o máa gbé e sí."
Sẹ̀fíù oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ẹsẹ̀ tiyín, Bàbá,
ó ti wálẹ̀ láti ayé kọ́bọ̀."
Ó ní òun wà ní Ìlọrin lóṣù tó kọjá, ní Adéwọlé,
orin kan ṣoṣo, wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú méjìlá.
Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀.
Ọmọbìnrin náà ò gbọ́wọ́ kúrò lórí gìtá tí kò dún mọ́,
èrò ń fẹnu kọ ohun tó yẹ kí okùn sọ.
Nígbà tí iná dé,
ibi tí ẹnu wọn dé ni okùn ẹ̀ náà dé.
"Irọ́," ni Bàbá wí. "Àfi ti jẹnẹrétọ̀ nìkan."

Èmi, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ràn. Kò sẹ́ni tó gbè mí.
Ìgbà tébi ń pa wọ́n,
tí báàsì rójú sọ̀rọ̀ torí fèrè ò sí nílé.

Lánàá, Bàbá mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá nínú ọ̀rá iyọ̀,
ó fi báírò kọ ọ́ lára: *Alẹ́ Iléyá. Má pa á rẹ́.*
Yínúsà fi owú nu ojú rẹ̀, ó tì í bọlé.
Ó kọ́kọ́ hó ṣììì, bí òróró tó rí àlùbọ́sà.
Lẹ́yìn náà ni Làmídì dé.
Òótọ́ ni. Kò sáré. Ó ta ọ̀kan, ó dúró,
àwa náà gbẹ́sẹ̀ sókè lórí ìjókòó.
Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni obìnrin kan ti bú sẹ́rìn-ín,
nítòsí maíìkì gan-an:
"Kúránga, jókòó o jàre, ṣòkòtò ẹ ti ya nídìí!"

Sẹ̀fíù ti lanu. Ó pa á dé.
Gbogbo wa la mọ sàréè tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá,
àti ẹni tó ń fi omi wọ́n koríko orí ẹ̀.
Bàbá tẹ rédíò pa kí gìtá tó padà.
"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ta á?"
A ní a gbọ́.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Sẹ̀fíù ti já kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́.
"Wọ́n ń bọ̀ ní Ọ̀fà ní Sátidé. Mo lè wá gbé yín."
"Ọmọ yẹn ń sáré," ni Bàbá wí,
ó ń dì kásẹ́ẹ̀tì padà sínú ọ̀rá,
ó dì í lẹ́ẹ̀kan, ó tún un dì.
"Aago mélòó?"